Kí Ẹ Tó Yọ Okùn Kílóòsì Wa

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tó ń ṣe mí bí ọ̀rẹ́,

Jọ̀wọ́, má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé ibi tí mo bá ìwé dé kò jìnnà, àti pé láti ìgbà náà, ohun tí mò ń kọ kò ju orúkọ mi àti nǹkan tí mo fẹ́ rà lọ́jà lọ. Lẹ́tà kan á nàró, èkejì á jókòó. Ọ̀rọ̀ mi náà kì í yá. Àárọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ eléyìí, mo ti ya bébà dànù, mo ti mú òmíràn, Dádì, ọkọ mi, sì ti ń bi mí bóyá ìwé ìpẹ̀jọ́ ni mò ń kọ. Níbi tí o kò bá ti rí i kà dáadáa, kà á sókè, wàá gbọ́ ohùn mi nínú rẹ̀.

Mo tún kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Àdúrà tí mo ti ń gbà láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú ni. Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́sí, inú rẹ ń dùn débi pé mi ò tètè gbọ́ ohun tó ò ń sọ. O ní, "Màámi, ẹ wá gbọ́ nǹkan! Kílóòsì yín gan-an ni ọ̀gá wa ní kí n lọ bójú tó o! Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ la máa wá yọ gbogbo okùn tẹlifóònù àtijọ́ yẹn, kó ku fóònù íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ilé yín la ó ti bẹ̀rẹ̀!" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí Ọlọ́run tì ọ́ lẹ́yìn. Ìwọ rò pé gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ mi. Ti iṣẹ́ rẹ dùn mọ́ mi, ó dùn dé egungun. Ti okùn yẹn ni kò lọ lọ́fun mi.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ kò pọ̀, ọmọ mi. Má jẹ́ kí wọ́n yọ okùn yẹn lọ́jọ́ Ajé. Kò tíì tó àkókò. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, màá sì sọ ohun tí ayé fi kọ́ mi, kó o má bàa rò pé ìyá rẹ fẹ́ dá iṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

O mọ bí mo ṣe wọ ilé yìí. Obìnrin tó ti sin ọkọ, tó ti tọ́ ọmọ dàgbà, ni wọ́n wá ń pè ní ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé! Ojú ń tì mí débi pé bí mo bá fẹ́ da ìdọ̀tí nù, mo máa ń kọ́kọ́ yọjú wo títì bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ tó máa kí mi. Àwọn ará àdúgbò kékeré onígéètì wa ní Festac yìí, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe fẹ̀yìn tì, òyìnbó dùn lẹ́nu wọn. Èmi tí mo ti Agbójú wá, kí ni mo fẹ́ bá wọn sọ?

Tẹlifóònù yẹn ló fà mí wọ àárín wọn. O mọ̀ ọ́n, èyí tó wà lórí tábìlì kékeré ní pálọ̀, tí okùn rẹ̀ lọ́ bí irun tí wọ́n fi òwú dì. Ìjọba ló fà á wọ àwọn ilé wọ̀nyí láyé àtijọ́. Nígbà tí ti ìjọba kú, àwọn Dádì ò jẹ́ kí okùn náà ṣòfò. Wọ́n ra àpótí kan tó ń so àwọn ilé pọ̀ mọ́ra, wọ́n gbé e sí yàrá àwọn ọlọ́dẹ lẹ́nu géètì pẹ̀lú bátìrì ńlá. Kò lè pe Agbójú tó wà nítòsí wa pàápàá, áńbọ̀sì òkè òkun. Láti ilé dé ilé nínú kílóòsì wa nìkan ló mọ. Ṣùgbọ́n iná wà o, iná ò sí o, á dún, torí pé inú okùn yẹn náà ni agbára rẹ̀ ń gbà wá láti ara bátìrì ẹnu géètì.

Òun ni wọ́n fi ń kí ara wọn láràárọ̀. Ilé tó wà lẹ́nu géètì á pe ilé tó tẹ̀ lé e: "A jí ire bí?" "A jí ire o." Ìyẹn á pe ẹni tó kàn, ẹni tó kàn á pe ẹlòmíràn, títí ìkíni náà á fi yí ká kílóòsì padà sọ́dọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bí ẹnì kan ò bá gbé e, ẹni tó pè é á dìde lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ti lọ tán, ọ̀pọ̀ wọn ló ń dá gbé, bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ara wọn nìyẹn.

Kò pẹ́ tí mo dé ni Dádì ní, "Ìyàwó mi, iṣẹ́ yìí ti di tìrẹ. Màmá Nọ́ọ̀sì ló kàn wá." Màmá Nọ́ọ̀sì ni ìyá àgbà tó ń dá gbé ní òpin kílóòsì, tó ti gbẹ̀bí fún ìdajì àwọn ọmọ Festac kó tó fẹ̀yìn tì. Mo pè é.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Èmi ta? Èmi pọ̀ ní Festac!"

"Ìyàwó... ìyàwó Dádì ni, mà."

"Héè! Ìyàwó tó ń sá fún wa! Àṣé ó lóhùn! Mo ti sọ fún wọn pé odi kọ́ ni bàbá yẹn lọ gbé wálé. A jí ire bí?"

Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà ní pálọ̀, tí Dádì ń fi ìwé ìròyìn bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, mo ń pè é láràárọ̀. Ohùn wa ló kọ́kọ́ dọ̀rẹ́ kí ojú wa tó dọ̀rẹ́.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo pè é, ó dún títí, kò gbé e. Mo tún pè. Dádì ní bóyá ó ń wẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní, "Ó mọ àkókò wa. Kì í wẹ̀ báyìí." Àṣàkẹ́, èmi tí mo ń yọjú kí n tó da ìdọ̀tí nù, mo sáré gba àárín títì kọjá, gèlè ò sí lórí, bàtà ẹsẹ̀ mi, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti Dádì. Mo kan ilẹ̀kùn títí, mo ké sí àwọn ọlọ́dẹ. Àwọn ọlọ́dẹ já ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọlé. Ilẹ̀ bálùwẹ̀ la bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ká sábẹ́ rẹ̀, kò lè dìde. Ojú rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò kú. Ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó, o mà pẹ́ o. Ṣé o kọ́kọ́ lọ lé tíróò ni?" Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ sọ pé ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n tètè rí i. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n ó ń rìn.

Má wá rò pé mo kórìíra fóònù tuntun yín. Irọ́ ni! Ìgbà tí àwọn ará ibiṣẹ́ yín wá fi í sí ilé kọ̀ọ̀kan, kó o tó débẹ̀, ó yà mí lẹ́nu. Màmá Nọ́ọ̀sì ń wo ojú ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Kánádà, ó ń bá a ka eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Dádì ń bá àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí sọ̀rọ̀ láti ibi tó jókòó sí, wọ́n ń jiyàn bóọ̀lù. Ohun tó dáa ni. Ọjọ́ tó ń bọ̀ ló ni ín, mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé ọmọ mi ló ń gbé e wọ ilé àwọn èèyàn.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó wá fi í síbẹ̀ tẹ bọ́tìnnì, iná àwọ̀ ewé tàn lára àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní ráútà, tí fóònù náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná rẹ̀, wọ́n ní, "Màmá, ó ti ṣetán," wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Wọn ò bi wá bí a ṣe ń sùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ilé kan ní kílóòsì yìí tí wọn kì í yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì lára ògiri kí wọ́n tó sùn. Tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, gbogbo ẹ̀. Bí iná bá lọ, tó bá ń padà bọ̀, ó lè fi agbára dé kó jó nǹkan onínǹkan. Ta ló fẹ́ jí bá fíríìjì tó ti jó? Nítorí náà, èmi náà yọ ti ráútà. Mo tún nù ún, mo fi aṣọ tábìlì bò ó, mo ní mò ń tọ́jú nǹkan ìjọba.

Àárọ̀ tí a fẹ́ kọ́kọ́ fi fóònù tuntun kí ara wa, gbogbo ilé dákẹ́ kẹ́. Mo pe Màmá Nọ́ọ̀sì, kò lọ. Mo rántí ráútà, mo sáré fi í sí ògiri, iná ò sí. Mo tún gba títì. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi pàdé Alága kílóòsì wa, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń sáré bọ̀ wá sílé wa.

"Ìyàwó wa, Dádì ńkọ́? Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan, sà. Tíì ló ń mu."

"Tíì? Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ níbi ìsìnkú rẹ̀!"

Dádì gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ lọ! Èmi ni màá sọ̀rọ̀ níbi tiyín!"

Bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn ń sáré bọ̀ sílé Alága, tí ẹlòmíràn ń kan ilẹ̀kùn ìyẹn náà. Gbogbo àgbààgbà kílóòsì pẹ̀lú aṣọ ìsùn lójú títì, oníkálukú ń wá ẹni tó rò pé ó ti kú. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Màmá Nọ́ọ̀sì fi ọ̀pá jáde wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ ká rín in tán, ó ní, "Tẹ́lẹ̀, bí ilé kan bá dákẹ́, ẹ mọ ibi tí ẹ máa sáré lọ. Lónìí, gbogbo ilé ló dákẹ́. Bí mo bá ti wà nílẹ̀ bálùwẹ̀ ńkọ́? Ilé ta lẹ máa kọ́kọ́ lọ?"

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tẹlifóònù olókùn la tún fi kí ara wa, òun náà la sì ń lò títí di òní. Òun lẹ fẹ́ wá yọ lọ́jọ́ Ajé.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Jẹ́ kí n wá gbà ọ́ nímọ̀ràn bí ìyá.

Àkọ́kọ́, máa fi ẹnu sọ ohun tó o bá mọ̀. Mi ò sọ eléyìí fún ọ rí, torí ó ń tì mí lójú. Kí n tó bí ọ, nígbà tí mo ṣì kéré, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wà ní Ìbàdàn ránṣẹ́ pé kí n lọ dúró ní ilé ìpè kan ní Agbójú, òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Mi ò di í mú rí. Wọ́n ní, "Ṣé wàá wá máa gbé lọ́dọ̀ mi? Ṣé o fẹ́ padà sílé ìwé?" Inú mi dùn, mo mi orí. Wọ́n tún bi mí, mo mi orí gan-an, débi pé yẹtí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Ó dáa, bí o kò bá fẹ́, mi ò ní fi dandan mú ọ." Ó sì já. Obìnrin tó ni ibẹ̀ wò mí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, okùn yẹn ò kúkú lójú." Kí n tó rí ẹni tó máa bá mi jíṣẹ́ dé Ìbàdàn, wọ́n ti mú ọmọ mọ̀lẹ́bí mìíràn. Bí ìwé mi ṣe parí nìyẹn, Àṣàkẹ́. Kì í ṣe pé orí mi ò gbé e. Mo dákẹ́ ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ọ̀gá rẹ bá bi yín ní ibi ìpàdé pé ṣé kò sí ìṣòro, má mi orí. Dìde, sọ ọ́, kí gbogbo wọn gbọ́.

Èkejì, má gba "ó dáa" àgbàlagbà gbọ́ kíákíá. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé Dádì, bó bá bi mí pé kí ni ká jẹ, màá ní, "Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́." Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ẹ̀wà. Mo jẹ ẹ̀wà títí inú mi fi ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìgbà tí mo wá sọ pé mi ò fẹ́ràn ẹ̀wà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ó ti sú òun náà, òun rò pé èmi ló fẹ́ràn rẹ̀! Ìtìjú ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa yé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará kílóòsì yìí ṣe sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín pé "Ó dáa, ẹ ṣeun," tí wọn ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ráútà. Wọn ò fẹ́ kí ọmọdé rí i pé kò yé wọn. Nítorí náà, bó o bá wọ ilé àgbà, jókòó. Mu omi tí wọ́n bá gbé fún ọ. Béèrè pé, "Mà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, kí lẹ máa ń pa?" Jẹ́ kí wọ́n ṣe é lójú rẹ. Ibẹ̀ lo ti máa rí iṣẹ́ rẹ gan-an.

Ẹ̀kẹta, má ju ògbólógbòó nù kí tuntun tó la ọjọ́ burúkú kọjá. Ọdún tí bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ra sítóòfù onígáàsì, ọjọ́ náà gan-an ni mo gbé sítóòfù kẹrosíìnì wa ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Mo ti di ọ̀làjú! Ọjọ́ Àjíǹde dé, àlejò kún ilé, ìrẹsì mi wà láàárín jíjinná àti àìjinná, gáàsì tán. Gbogbo ẹni tó ń ta gáàsì ti lọ ṣe ọdún. Mo ru ìkòkò gbígbóná lọ sí ojúlé kejì lójú àwọn àna mi. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Gáàsì ò ṣe nǹkan kan fún mi. Èmi ni mo kánjú.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kó o lọ sọ fún ọ̀gá rẹ rèé, mo sì fẹ́ kó o sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ Ajé. Kí wọ́n fi bátìrì kékeré sí ara ráútà ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń dá gbé. Kí wọ́n gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ti ní máa yọ ọ́, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tó yé èèyàn. Lẹ́yìn náà, ká dúró de òwúrọ̀ tí iná ò sí. Bí ìkíni wa bá yí ká kílóòsì lọ́jọ́ yẹn láìjá, ẹ máa bọ̀ wá yọ okùn yín. Èmi fúnra mi ni màá bá ọ ká a.

O sọ fún mi pé ọ̀gá rẹ fẹ́ràn kí nǹkan yá, pé ó ní bí okùn àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, àwọn arúgbó ò ní kọ́ tuntun. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, má bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ṣe pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n má fà sẹ́yìn. Bó bá ní, "Ṣé torí pé ìyá rẹ ń gbé níbẹ̀ ni?" sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Torí pé ìyá rẹ ń gbé níbẹ̀ lo ṣe mọ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ bó o ṣe pẹ́ lẹ́nu wíwá iṣẹ́. Bí inú bá bí i, tó gba iṣẹ́ kílóòsì yìí lọ́wọ́ rẹ, á dùn ọ́, á dùn mí jù ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ tí mo kọ́ ní oúnjẹ jíjẹ, mi ò fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa gé ohùn Màmá Nọ́ọ̀sì kúrò láàárín wa. Bó bá di pé wọ́n lé ọ, ilé wà. Mi ò ní tijú láti sọ ìdí tó o fi padà wálé fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè.

Mi ò sì fẹ́ rán ọ ní iṣẹ́ tí èmi ò lè jẹ́. Ìpàdé kílóòsì wa wà ní ọ̀sán òní, ní iwájú ilé Alága. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ fọwọ́ sí i pé kẹ́ ẹ wá yọ ọ́. Bíbu omi sí bátìrì ẹnu géètì ti sú àwọn kan, wọ́n ní kó lọ. Lánàá, mo lọ bá Alága, mo ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wò mí bí ẹni pé ògiri ló sọ̀rọ̀. "Ìyàwó wa, ọmọ yín ló fẹ́ wá ṣiṣẹ́ ọ̀hún o. Ẹ fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí gààrí ọmọ yín?" Mo ní, "Torí ọmọ mi náà ni, sà." Ohùn mi gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó jáde.

Mo bẹ Dádì pé kó bá mi sọ ọ́, òun tí òyìnbó dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní, "Ìwọ lò ń pe Màmá Nọ́ọ̀sì láràárọ̀, ìwọ lo fi bàtà mi sáré. Ẹnu rẹ ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ." Inú bí mi díẹ̀. Mo ti dárí jì í.

Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àga. Màmá Nọ́ọ̀sì ti kọjá, mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lórí títì, ó ń bú ẹnì kan pé ó páàkì mọ́tò sójú ọ̀nà òun. Ó ṣì ku ìmọ̀ràn lórí aṣọ ibiṣẹ́ àti lórí ọmọkùnrin tó máa ń gbé ọ dé ẹnu géètì tí kì í wọlé wá kí wa, ṣùgbọ́n Dádì ti ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìyàwó! Wọ́n ti dé orí ọ̀rọ̀ okùn o! Alága ní ta ló ní nǹkan sọ, wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí i báyìí! Jáde!"

Ọmọ mi, àyà mi ń já, ṣùgbọ́n mò ń lọ. Màá dúró níwájú gbogbo wọn, màá kí wọn, màá sì sọ pé ẹ̀yin àgbà mi, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ sí nǹkan kan, àfi bí ìkíni wa bá kọ́kọ́ yí ká kílóòsì láìjá lọ́jọ́ tí iná ò sí.